Aṣọ fáíbà nínú mọ́ọ̀dù ńlá: ẹ bá a yan ibi tó máa ká sí

Ẹni tó bá ti dúró ti télọ̀ rí ní Ìtòkú, nígbà tó fẹ́ gé àdìrẹ yáàdì márùn-ún, á rí i pé kì í ṣe àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ ń mú. Ó máa tẹ́ aṣọ náà, á wo ibi tí ọnà ara rẹ̀ kọjú sí, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èjìká, sí abíyá, sí ibi tí ojú ìrán máa bọ́ sí. Ìgbà tó bá tó wákàtí tí kò lè yí ọkàn padà mọ́ ló tó ń gé e.

Iṣẹ́ fáíbà, èyí tí a ń fi aṣọ oní fọ́nrán gíláàsì àti rẹ́síìnì (omi tó ń dì gan) ṣe, ò yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀ báà máa ṣe ọkọ̀ ojú omi tó máa ná Odò Ògùn, ẹ̀ báà máa ṣe táǹkì ẹja ńlá tàbí òrùlé alábọ́, aṣọ tó wà lórí róòlù pẹrẹsẹ ni, mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ aṣọ sí kí iṣẹ́ lè gba ìrísí rẹ̀, sì ní ikùn, ó ní kọ́ọ̀nà, ó ní imú. Aṣọ pẹrẹsẹ kò lè wọ inú ohun tó tẹ̀ sí ọ̀nà méjì láì ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: kó fà, kó ká, tàbí kí ẹ gé e. Níbi kan, ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ohun tí a ń pè ní títo aṣọ dáadáa kò ju pé kí ẹ ti pinnu lórí bébà, kí ẹ tó ṣí dúrọ́ọ̀mù rẹ́síìnì, pé ibi báyìí ló máa ká sí, ibi báyìí la máa gé, ibi báyìí ni kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí ẹ kò bá yàn án, aṣọ á yàn án fún yín, ibi tí ẹrù pọ̀ jù ló sì sábà máa ń yàn, torí ibẹ̀ náà ni mọ́ọ̀dù ti máa ń tẹ̀ jù.

Aṣọ wo lẹ ní lọ́wọ́?

Máàtì, èyí tí fọ́nrán rẹ̀ gé wẹ́wẹ́ tí a dà sílẹ̀ kátikàti, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ó máa ń wá ní 300, 450 àti 600 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ohun tó so ó pọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀ tó máa ń yọ́ nínú styrene tó wà nínú rẹ́síìnì polyester, ìdí nìyẹn tí máàtì fi máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi kàn, tó sì máa ń gba ìrísí mọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Epoxy, irú rẹ́síìnì míì, kò ní styrene. Ẹni tó bá fi epoxy sórí máàtì yẹn á máa fi rólà lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, máàtì náà á ṣì máa nà gan-an bí páálí. Tó bá jẹ́ epoxy lẹ fẹ́ lò, aṣọ tí a hun tàbí èyí tí a rán pọ̀ ni kí ẹ rà.

Roving tí a hun, 600 tàbí 800 gíráàmù, ní fọ́nrán tó lọ gígùn àti èyí tó lọ ní ìbú. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí a fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán pọ̀ láì hun ún, tí ìpele kan rẹ̀ kọjú sí dígírì 45 lápá ọ̀tún, tí èkejì kọjú sí 45 lápá òsì. Èyí tí gbogbo fọ́nrán rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo ló lágbára jù lójú ọ̀nà yẹn, òun náà ló sì ń yájú jù bí ẹ bá tẹ́ ẹ wọ́.

Bó ṣe wọ́ tó ló ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún fáíbà gíláàsì lásán nínú polyester, aṣọ ọlọ́nà kan tó yà ní dígírì 5 kúrò lójú ọ̀nà ẹrù máa pàdánù bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún líle rẹ̀. Ó kéré, àbí? Dígírì 10 máa gba bí ìdá 18. Ẹ sì wo bó ṣe rọrùn tó láti yà: dígírì kan lórí mítà kan kò ju mìlímítà 17 lọ. Aṣọ gígùn mítà 3 tí orí rẹ̀ wà níbi tó yẹ, tí ìdí rẹ̀ wá yà ní sẹ̀ǹtímítà 26, dígírì 5 nìyẹn. Ojú lásán kò ní tètè rí i nínú mọ́ọ̀dù ńlá tó ń dán yòò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi máákà fa ìlà sí etí mọ́ọ̀dù ní gbogbo ìdajì mítà, tí a sì ń na okùn láti etí kan sí èkejì kí aṣọ tó wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní iná lésà tó ń ya ìlà aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú mọ́ọ̀dù látòkè, kí òṣìṣẹ́ kàn fi etí aṣọ bá ìlà mu. Okùn àti ṣọ́ọ̀kì ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún wa, bí ẹni tó na okùn náà kò bá sùn.

Ẹ fi bébà ṣe é ná

Ẹ má ṣe gé aṣọ kankan láti inú orí. Ẹ ra bébà búráùn tí wọ́n fi ń di ọjà, tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ tó fúyẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù ní ìbú kan náà tí róòlù yín ní. Róòlù tó wọ́pọ̀ máa ń ní ìbú mítà 1.25 tàbí 1.27, àmọ́ ẹ wọn tiyín. Ibi tí bébà bá ti ká, ẹ fi máákà yí i ká. Ibi tó bá ti ya, ẹ sàmì sí i. Bébà kì í fà bí aṣọ, nítorí náà ohun tó bá sọ fún yín le ju bí aṣọ ṣe máa le lọ. Ìyẹn dára. Ibi tí bébà bá jókòó sí láì ká, aṣọ á jókòó síbẹ̀ láì jà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gé ìwọ̀nba aṣọ tí a hun, bíi mítà kan sí mítà kan, kí ẹ fi máákà ya igun mẹ́rin kéékèèké oní mìlímítà 50 sí gbogbo ara rẹ̀. Ẹ gbé e gbígbẹ lọ síbi tí mọ́ọ̀dù ti tẹ̀ jù, ẹ fọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ títí tó fi jókòó. Ẹ óò rí i pé àwọn igun mẹ́rin yẹn ti yí di bí dáyámọ́ǹdì ara káàdì: fọ́nrán kò gùn sí i, ńṣe ni wọ́n yí lórí ara wọn bí ẹsẹ̀ àga tó ń ká. Ẹ wọn igun náà. Tó bá ti 90 bọ́ sí 70, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń sún mọ́ 55 tàbí 50, ọ̀pọ̀ aṣọ tí a hun kò ní àyè mọ́, fọ́nrán ti há mọ́ra, ohun tó kù tó lè ṣe ni kó wú sókè. Ibẹ̀ lẹ máa gé e sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Bí àwọn igun yẹn bá ṣe ń há, aṣọ ń nípọn sí i. Aṣọ 600 gíráàmù tí igun rẹ̀ ti di 60 kì í ṣe 600 mọ́ níbẹ̀, 693 ni. Ọ̀nà tí fọ́nrán kọjú sí pàápàá ti yí. Ẹni tó ṣírò agbára ọkọ̀ rẹ̀ lórí 0 àti 90 kò ní 0 àti 90 ní imú ọkọ̀ mọ́. Kò burú, bó bá ṣáà mọ̀.

Aṣọ tí a rán pọ̀ ní dígírì 45 máa ń wọ ikùn mọ́ọ̀dù dáadáa bí ẹ bá tẹ́ ẹ bó ṣe wá láti orí róòlù. Télọ̀ á ní a gé e ní báyásì. Bí ẹ bá ní roving tí a hun nìkan, tí ẹ sì fẹ́ 45, ẹ óò ní láti gé e ní ìdagun lórí tábìlì, ìfiṣòfò rẹ̀ sì pọ̀: onígun mẹ́ta méjì máa ṣẹ́ kù lórí àti ní ìdí. Ẹ má jù wọ́n nù. Wọ́n dára fún kọ́ọ̀nà àti fún ibi tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró máa wọ̀.

Ojú ìpàdé

Èyí ló yẹ kí a dúró lé lórí pẹ́, torí mọ́ọ̀dù ńlá kò ṣeé fi aṣọ kan bò.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ojú ìpàdé yìí, ṣé ó gé fọ́nrán ni, àbí ó kàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Aṣọ ọlọ́nà kan méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí etí wọn fẹnu kora lójú ọ̀nà fọ́nrán, kò pàdánù nǹkan tó pọ̀, torí kò sí fọ́nrán tó kọjá láti ọ̀kan sí èkejì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gé fọ́nrán náà ní ìbú, gbogbo ẹrù tó ń gbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fò láti orí awẹ́ kan sí òmíràn nínú rẹ́síìnì nìkan. Irú èyí gbọ́dọ̀ gun ara wọn, kì í ṣe kí wọ́n fẹnu kora. Fún máàtì àti roving tí a ń fọwọ́ tẹ́, mìlímítà 50 ni a sábà máa ń fi gun ara wọn.

Máàtì ni kí ẹ fa ya ní etí, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé etí tó máa gun èkejì. Etí tí a fà ya máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì parẹ́ sínú ara èkejì. Etí tí a gé máa ń dúró bí òkè, ìpele tó bá tún bọ́ sórí rẹ̀ á fò ó, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, ìlà kan á sì hàn lójú ọkọ̀ lóde lẹ́yìn oṣù mélòó kan bí ó bá wà lábẹ́ òòrùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ìpàdé ìpele kan bọ́ sórí ti ìpele tó tẹ̀ lé e. Kí ó kéré tán jìnnà ní mìlímítà 150, bó bá sì lè jẹ́ ìdá mẹ́ta ìbú róòlù, ó dára jù. Ibi tí ojú ìpàdé méjì ti bára mu dà bí aṣọ tí wọ́n ran ojú ìrán rẹ̀ méjèèjì lójú kan: ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já.

Ọgbọ́n wà nínú ibi tí ẹ gbé e sí pẹ̀lú. Bí a bá ń ṣe ọkọ̀, a lè tẹ́ apá ọ̀tún láti etí ọkọ̀ wá sí ìdí, kó kọjá ìlà àárín ìdí náà ní mìlímítà 150, kí apá òsì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìdí ọkọ̀, níbi tó ń fi gbá yanrìn àti òkúta, ìpele ti di méjì méjì láì ra aṣọ míì. Ojú ìpàdé tí ẹ ì bá máa sá fún ti di ohun tó ń ràn yín lọ́wọ́. Ibi tí kò yẹ kí ẹ gbé e sí: kọ́ọ̀nà tí ìdí ti pàdé ẹ̀gbẹ́, ẹ̀bá ihò tí páìpù máa gbà, àti pátákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì máa ń kọ́ sí.

Ká fi ọkọ̀ mítà 8 ṣírò

Ká ní ọkọ̀ náà gùn ní mítà 8, tí bí ẹ bá na téèpù láti etí kan gba ìdí lọ sí etí kejì, ó jẹ́ mítà 3 ní ìpíndọ́gba. Mítà onígun mẹ́rin 24 nìyẹn. Ìpele tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ: máàtì 300 kan, máàtì 450 kan, lẹ́yìn náà roving 600 pẹ̀lú máàtì 450 lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ya ọkọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ sọ iye ìpele, kì í ṣe àkọsílẹ̀ yìí. Ìṣirò ni a ń kọ́ níbí.

Gíláàsì fún mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ 300, 450 àti 1,050 lọ́nà mẹ́ta, àpapọ̀ 3,900 gíráàmù. Lọ́nà 24, ó jẹ́ kílò 94 tó dín díẹ̀. Máàtì máa ń mu rẹ́síìnì tó ìlọ́po 2.25 ìwọ̀n ara rẹ̀. Roving kò ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ bí ọwọ́ bá mọ́. Máàtì jẹ́ 2,100 gíráàmù, ó mu 4,725. Roving jẹ́ 1,800, ó mu 1,800. Rẹ́síìnì wá jẹ́ 6,525 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan, bíi kílò 157 fún gbogbo ọkọ̀. Ẹ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tó máa kù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì, ó di 172. Gel coat, ìpele aláwọ̀ tó máa wà lójú ọkọ̀ lóde, lọ́tọ̀, kílò 15 sí 17, kó lè nípọn ní bíi ìdajì mìlímítà nígbà tó ṣì tutù. Ìnípọn gbogbo ìpele náà máa sún mọ́ mìlímítà 7: máàtì 450 kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi mìlímítà 1, roving 600 bíi 0.7.

Ní ti gígé: róòlù mítà 1.27, tó bá gun ara wọn ní mìlímítà 50, bo mítà 1.22. Mítà 8 gba awẹ́ 7 bí ẹ bá tẹ́ ẹ ní ìbú láti etí dé etí. Ìpele roving àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awẹ́ tó pé ìbú. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awẹ́ tí a gé ìbú rẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 41, ìkẹta pẹ̀lú 81. Báyìí, kò sí ojú ìpàdé méjì tó bára mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Awẹ́ kan, roving àti máàtì tó tẹ̀ lé e, fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 3.8, ó sì máa mu bíi kílò 6.1 rẹ́síìnì. Ìyẹn ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, kílò mẹ́ta-mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹ má po ju ìyẹn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rẹ́síìnì tó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná ju èyí tó tẹ́ lórí aṣọ lọ, ó sì lè dì mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó lò ó tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Abẹ́òkúta, kátálíìsì, ohun tó ń mú kí rẹ́síìnì dì, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún sábà máa ń tó, bọ́ọ̀dì ìlànà tó sọ pé 2 kò mọ oòrùn oṣù Kẹta wa. Ẹ po ìwọ̀nba kan ná nínú ife, kí ẹ wo aago. Kátálíìsì àti kóbọ́ọ̀tì, èyí tó ń mú kó tètè dì, kò gbọ́dọ̀ pàdé lójúkojú láéláé; ìbúgbàù ni. Ọ̀kan á kọ́kọ́ wọ inú rẹ́síìnì, a óò rò ó pọ̀ tán, kí èkejì tó wọlé. Kátálíìsì tó bá ta sójú lè fọ́ ojú náà, nítorí náà kí awò ojú wà lójú yín.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí ara awẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí bébà tí ẹ fi lẹ́ẹ̀ mọ́ etí rẹ̀: ìpele, ipò, ọfà tó fi apá iwájú ọkọ̀ hàn. Ẹ ká wọn mọ́ páìpù, èyí tó máa kẹ́yìn wọ mọ́ọ̀dù ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe ká aṣọ gíláàsì bí ìró: ibi tó bá ti ṣẹ́, fọ́nrán inú rẹ̀ ti já, kò sì ní so padà.

Bí ó ṣe ń wọ mọ́ọ̀dù

Lẹ́yìn tí wáàsì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù àti gel coat ti délẹ̀, ẹ fi ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ láì fi àwọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, àsìkò ti tó. Máàtì 300 ló kọ́kọ́ wọlé, torí ó fẹ́lẹ́, ó ń tètè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ tó bá há sẹ́yìn gel coat máa wú, á sì là bí roro nígbà tí òòrùn bá pa ọkọ̀ náà. Ẹ má yára kúrò lórí ìpele yìí.

Rẹ́síìnì ló ń kọ́kọ́ lọ sára mọ́ọ̀dù, kí aṣọ tó bọ́ lé e. Ó gbọ́dọ̀ mu láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí ẹ bá dà á látòkè nìkan, afẹ́fẹ́ kò ní ibi tí yóò gbà sá.

Ní ti kọ́ọ̀nà, inú kọ́ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lé aṣọ jáde sí apá méjèèjì. Ẹni tó bá so aṣọ mọ́ òkè, tó tún so ó mọ́ ìdí, tó wá ń fi rólà tì í sínú kọ́ọ̀nà lẹ́yìn, ó ti na okùn kọjá lórí kòtò. Aṣọ náà á dúró bí afárá Lafenwa, rẹ́síìnì lásán á kún abẹ́ rẹ̀, rẹ́síìnì tí kò ní fọ́nrán á sì sán ní ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan bá gbá a. Kọ́ọ̀nà tó mú bí ọ̀bẹ kò ṣeé tẹ́ aṣọ sí rárá. Ẹ fi rẹ́síìnì tí a fi aerosil (ìyẹ̀fun tó ń mú un ki) àti fọ́nrán tí a gé wẹ́wẹ́ pò yí i, kí ìyípo rẹ̀ tó bíi mìlímítà 10, kí aṣọ tó wọlé.

Lójú ìpele tó nípọn, ẹ má ṣe tẹ́ ju mìlímítà 4 tàbí 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ooru tó ń jáde láti inú rẹ́síìnì á pọ̀ jù, ọkọ̀ á yí, gel coat á sì fi ìrísí aṣọ hàn. Bí iṣẹ́ bá dúró ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, ẹ fi sáńdípépà ha ojú rẹ̀ kí ìpele tuntun tó bọ́ sí i.

Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ kó nípọn, bíi ìdí ọkọ̀ àti ìdí pátákó ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo ìpele àfikún parí lójú kan náà. Ọ̀kan parí níbí, èkejì parí ní mìlímítà 40 ṣáájú rẹ̀, ìkẹta bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tẹ́ ìpele kan tó bo gbogbo wọn. Ìpele tó parí lójú kan dà bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ga; ẹrù tó ń gba ibẹ̀ á dúró sẹ́nu rẹ̀, ìpele á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí láti ibẹ̀.

Ìhunjọ

Aṣọ tó hunjọ burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Fọ́nrán tó tò gbọọrọ ń gba ẹrù bí ọ̀pá. Èyí tó tẹ̀ bí ìgbì omi, bí ẹ bá tì í láti orí, ńṣe ni yóò tún tẹ̀ sí i. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń fún pọ̀ ni ìhunjọ ti ń pa iṣẹ́ jù, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fà. Lára abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn tó ń ṣe iná mànàmáná ni gbogbo ayé ti rí ìyà yìí jù. Abẹ̀bẹ̀ mítà 107 tí wọ́n ṣe ní Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé ní 2019 fún ẹ̀rọ Haliade-X jẹ́ irú ohun tí ìpele lórí ìpele aṣọ gígùn ń wà nínú rẹ̀, ìhunjọ kékeré kan nínú ìpele ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìpele òkè á sì máa tẹ̀ lé.

Ibo ló ti ń wá? Nígbà míì, aṣọ gùn ju ọ̀nà tó yẹ kó gbà lọ. Nínú mọ́ọ̀dù tó kó sínú, ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀nà rẹ̀ gùn jù. Bí ìpele ṣe ń pọ̀, inú ń kéré, ọ̀nà ń kúrú. Ẹni tó gé gbogbo ìpele ní òṣùwọ̀n kan náà ti ní àṣẹ́kù tó máa ká ní ìpele kẹfà, ìkeje. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù ga gan-gan, aṣọ gbígbẹ ń yọ̀ bọ́ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ń jẹun ọ̀sán, ó wá ń kó ara rẹ̀ jọ sí ìdí. Ẹ fi kílíìpù mú un ní etí òkè. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fín wà fún èyí, àmọ́ díẹ̀ ni, bí ìrì: bí ó bá pọ̀, rẹ́síìnì kò ní wọ ibẹ̀, ìpele méjì á sì máa gbé lórí lẹ́ẹ̀ dípò rẹ́síìnì. Rólà náà ń dá kún un. Ẹni tó bá ń yí rólà sọ́tùn-ún sósì lórí aṣọ ọlọ́nà kan ń ti fọ́nrán jọ. Ojú ọ̀nà fọ́nrán ni kí rólà máa gbà, láti àárín lọ sí etí.

Bí ẹ bá rí ìhunjọ nígbà tí rẹ́síìnì ṣì tutù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ kò mú un lọ, ńṣe ló ń fi pamọ́. Ẹ gbé etí aṣọ tó sún mọ́ ọn jù sókè, ẹ tún un tẹ́ láti ibi tó ti dára wá. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ gé e lójú ọ̀nà fọ́nrán, kí ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì gun ara wọn, kí ẹ sì fi àlẹ̀mọ́ bò ó ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Bó bá ti gan, ẹ lọ̀ ọ́ dànù dé ibi tí fọ́nrán ti tò gbọọrọ, kí ẹ fi ìpele tuntun dí i: fún mìlímítà 1 tí ẹ bá lọ̀ sísàlẹ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́ jáde ní bíi mìlímítà 20. Ìhunjọ tó jìn ní mìlímítà 3 ti di ọgbẹ́ oní mìlímítà 60 ní gbogbo àyíká rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ wọ́n ju aṣọ tí ẹ fẹ́ ṣọ́ lò lọ.

Bó bá jẹ́ fáákúùmù lẹ fẹ́ lò

Níbí, gbogbo aṣọ ló ń wọlé ní gbígbẹ, ẹ óò fi rọ́bà bò ó, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ jáde, rẹ́síìnì á wá wọlé fúnra rẹ̀. Gíláàsì máa ń tó bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n iṣẹ́ náà, nígbà tí máàtì tí a fọwọ́ tẹ́ kì í ju bí ìdá 30 lọ. Àǹfààní ńlá fún títò aṣọ ni pé ẹ ní gbogbo ọjọ́. Kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná lẹ́yìn yín.

Àmọ́ ojú ìpàdé ti di nǹkan míì. Àlàfo mìlímítà 5 láàárín aṣọ méjì tó yẹ kó fẹnu kora di ọ̀nà márosẹ̀ fún rẹ́síìnì. Á sáré gba ibẹ̀ kọjá, á yí aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ká, á sì sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín rẹ̀. Ibi gbígbẹ funfun tó máa kù síbẹ̀, ẹ kò lè rí i títí ẹ fi máa ṣí rọ́bà. Etí aṣọ tó kúrú lẹ́bàá igi ìmúlé inú ọkọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Jíjìn tí rẹ́síìnì máa rìn náà ní òfin tirẹ̀: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí mítà kan bá gba ìṣẹ́jú 10, mítà méjì gba 40, rẹ́síìnì yín sì lè ti dì kó tó débẹ̀. Ẹ fi páìpù ìwọlé sí i, ẹ má retí sùúrù rẹ́síìnì.

Kí rẹ́síìnì tó wọlé, ẹ ti ẹnu páìpù pọ́ǹpù, kí ẹ wo gééjì fún bíi ìṣẹ́jú 30. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sá padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Etí tí aṣọ ti ká sábẹ́ táàpù lẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò, torí fọ́nrán kan ṣoṣo tó kọjá lábẹ́ táàpù ti tó láti jẹ́ ihò. Ọ̀rọ̀ iná sì ńkọ́? Ẹ má gbára lé NEPA. Kí jẹnẹrétọ̀ ti wà lórí kó tó di pé ẹ ṣí rẹ́síìnì, kí fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé wà láàárín pọ́ǹpù àti iṣẹ́, kí ìṣẹ́jú méjì tí pọ́ǹpù bá kú má ba aṣọ tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tò jẹ́.

Òjò, ọ̀rinrin, àti ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé

Láti oṣù Kẹrin lọ, róòlù tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ á mu ọ̀rinrin. Ẹ jẹ́ kó wà nínú rọ́bà rẹ̀ títí di òwúrọ̀ tí ẹ máa lò ó, ẹ sì gbé e dùbúlẹ̀ lórí páìpù, ẹ má gbé e dúró lórí síméńtì. Aṣọ tó tutù máa ń funfun lábẹ́ rẹ́síìnì, kì í mọ́ gaara bó ti yẹ. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ má rò pé rẹ́síìnì ló kéré kí ẹ tún dà sí i.

Ẹ̀yìn tí ẹ bá tú ọkọ̀ kúrò nínú mọ́ọ̀dù, etí rẹ̀ tí ẹ gé dànù àti róńdórońdo tí ẹ gbẹ́ jáde níbi ihò páìpù, ẹ kó wọn jọ. Ẹ fi kalípà wọn ìnípọn wọn, ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí i lára. Ẹ mú èyí tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá sun ún níta gbangba, kí ẹ̀fín má bàa kàn yín. Bó bá ṣeé ṣe, iná ìléru tó tó 565 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí ẹ fi sí. Rẹ́síìnì á jó lọ, gíláàsì kì í jó. Ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ rí iye tí gíláàsì jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí awẹ́ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú ewé ìwé: ẹ kà á bó bá pé ìpele tó wà lórí bébà, ẹ wo ibi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kọjú sí, kí ẹ wo bóyá èyí tí ẹ rò pé ó tò gbọọrọ tò lóòótọ́.